Ìyànà Là Ń Sàmì Sí

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àmì ìka rí nínú ìwé orin afunfèrè. Kọ́ńdọ́ ọkọ̀ tó gbéra láti Máìlì Tú kì í ka gbogbo òpó iná ojú ọ̀nà Badagry fún èrò. Ìyànà Ìbà ló ń pè, torí ibẹ̀ lọ̀nà ti yà: ará Ìbà á sọ̀, ará Òkókómáíkò á jókòó. Ibi tí ọ̀nà ti yà fún ìka nìkan ló yẹ kí pẹ́ńsù dé.

Ẹ wo klarinẹ́ẹ̀tì. Láàárín 1839 sí 1843, Klosé afunfèrè àti Buffet tó ń ṣe fèrè tún un ṣe ní Paris, wọ́n sì fi bọ́tìnnì kan náà sí ọ̀tún àti òsì, kí ìka tó kéré jù má baà máa yọ̀ kiri. Ọ̀nà kan ò wọjà: ọwọ́ méjèèjì ló lè tẹ B orí ìlà kẹta àti C tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n lórí klarinẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀, ọ̀tún nìkan ló ní E fúláàtì. Bí orin bá ti B lọ sí C, tó sì já sí E fúláàtì, òsì ló gbọ́dọ̀ tẹ C, kí ọ̀tún tẹ B. Lẹ́tà L kan lórí C, tó dúró fún òsì, ti sọ ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn kan á ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kò tíì mọ̀nà, pé kí a kọ nọ́ńbà ìka sórí gbogbo nóòtù, pàápàá bí ìsìn Sọ́ńdè bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Lóòótọ́, orin ọjọ́ náà lè yọrí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà lojú rẹ̀ ń kà, kì í ṣe nóòtù. Bí orin mìíràn bá dé, á tún di àlejò. Àtẹ ìka ni ká lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé, kó máa yẹ̀ ẹ́ wò bó bá gbàgbé. Àwọn mìíràn á ní ògbóǹtarìgì kì í sàmì rárá. Àṣejù nìyẹn náà: níbi tí orin bá ti ń sáré, ìka kì í ráyè yan ọ̀nà, kó tó débẹ̀ ló yẹ kó ti yàn án.

Síbẹ̀, pẹ́ńsù ni kó jẹ́, kì í ṣe bírò. Ìwé ẹgbẹ́ afunfèrè, ní bárékè Ọ̀jọ́ tàbí nínú ìjọ, ń tọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ará Òkókómáíkò kò gbọ́dọ̀ tìtorí àmì ará Ìbà sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kò bá dé.