Ta Ló Yẹ Kó Parí Iṣẹ́?

Àwa tá a fẹ́ràn pinball kì í pọ̀ níbì kan, torí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé. Àpótí ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni. Pátákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà nínú ẹ̀ lábẹ́ gíláàsì, bọ́ọ̀lù irin ń sáré lórí ẹ̀, apá kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ lẹ ó fi máa gbá a padà sókè. Láti àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Chicago. Lónìí, tuntun kan lè gbà ju 6,000 dọ́là lọ, àwọn míì kọjá 10,000.

Tẹ́ ẹ bá wá san irú owó yẹn, kí lẹ rò pé ó yẹ kẹ́ ẹ gbà?

Wọ́n máa ń fi fáníìṣì bo pátákó yẹn kó lè dán. Tí fáníìṣì ò bá tíì gbẹ dénú kí wọ́n tó de àwọn òpó kéékèèké mọ́ ọn, ó máa ń sún, á wú yí ìdí òpó ká, nígbà tó bá yá á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Káfíńtà tó fi igi tútù ṣe ilẹ̀kùn mọ ohun tá à ń sọ. Ti pé bọ́ọ̀lù ń dá ojú pátákó lu díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan, irin àti igi náà ni. Fáníìṣì tó ṣí yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ software náà tún wà ńbẹ̀. Ẹ̀rọ á dé ilé, apá kan nínú eré ò tíì sí nínú ẹ̀. Ẹ máa dúró de update.

Àwọn kan nínú wa ní: ṣebí ẹni tó rà á mọ̀ kó tó sanwó? Àwa náà fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ohun tó mọ̀ ni pé nǹkan kan lè kù. Kò mọ èwo. Ẹni tó ń de òpó ní ilé iṣẹ́ lè mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń dá ọjọ́ tí ọjà máa jáde. Ẹni tó ń dá ọjọ́ kì í fọwọ́ kan fáníìṣì. Láàárín àwọn méjèèjì, ẹ̀bi ò rí ibi jókòó.

Láyé àtijọ́, ilé ọtí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lọ. Tó bá bàjẹ́, owó ẹyọ ò ní wọlé mọ́, ẹni tó ni ín á fárí gá lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ní báyìí ilé ololùfẹ́ ni púpọ̀ ń lọ, olólùfẹ́ sì máa ń ní sùúrù. Abí ṣé a lè pe sùúrù yẹn ní ìyọ̀ǹda? Àwa ò rò bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ti ń ra wáṣà pílásítíìkì báyìí. Wọ́n á tú ẹ̀rọ tuntun, wọ́n á fi wáṣà sábẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́.