Akólòlò Ti Pe Baba

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ tún yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ohùn tí ẹ ń gbọ́ yìí, ohùn èmi fúnra mi ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ ni mí tẹ́lẹ̀ ní kóòtù majísíréètì kan nílùú Ìbàdàn. Bí olùjẹ́jọ́ bá ní, "Mo jí ewúrẹ́ náà," èmi ni n ó kọjú sí adájọ́, tí n ó wí i lédè Gẹ̀ẹ́sì pé mo jí ewúrẹ́ náà. Ògbufọ̀ kì í sọ pé "ó ní òun jí i." "Mo" tí onítọ̀hún bá sọ, "mo" náà ni yóò bọ́ sí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jí ewúrẹ́, tí mo na ìyàwó, tí mo ta pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo fún ẹni mẹ́ta, ní gbangba kóòtù, láti 1992 títí di 2011. Ọdún 19 gbáko! Nínú gbogbo "mo" wọ̀nyẹn, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tèmi.

Iṣẹ́ lọ́yà ti ń wù mí tipẹ́. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹrin, owó ìwé sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni mo ń dúró láàárín ẹlẹ́rìí àti adájọ́, tí mo ń gbọ́ ìbéèrè tó yẹ kí lọ́yà bi ẹlẹ́rìí tí kò bi í. Inú mi á máa gbóná, ẹnu mi kò sì gbọdọ̀ yà á.

Ọjọ́ tí mo pé ọmọ 40 ọdún ni mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Èlùbọ́ ló ń tà lọ́jà Bódìjà, ó sì ń kù ú lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ọdún mélòó ni?" Mo ní márùn-ún ní yunifásítì, kí a tó ka ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò mọ́ ọn. Ó ku èyí tó wà nínú asẹ́ tán, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ lọ. Èlùbọ́ á máa tà."

Kí yunifásítì tó lè gbà mí, mo gbọ́dọ̀ yege nínú lítíréṣọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí n kò ṣe rí nílé ìwé. Nígbà tí mo dé ibi ìdánwò, ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Bàbá, ìta géètì làwọn òbí ń dúró sí." Mo fi káàdì ìdánwò mi hàn án. Ó wo fọ́tò, ó wò mí, ó dọ̀bálẹ̀.

Mo wọlé ní 2011, ọmọ ọdún 42. Wọ́n fún mi láyè lẹ́nu iṣẹ́ láti lọ kàwé, láìsí owó oṣù. Nígbà tó di 2013, àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù márùn-ún; èmi náà gba ọjà Bódìjà lọ, mo ń ru àpò èlùbọ́. Mo gboyè níkẹyìn. Ti àgùnbánirọ̀ kò tilẹ̀ kàn mí, ìwé ni wọ́n fún mi pé ẹni tó ti ju ọmọ 30 ọdún lọ kì í sìnrú ìlú. Mo wá ń dúró kí ó kàn mí, nítorí iye ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ agbẹjọ́rò ń gbà lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan níye.

Bó ṣe kàn mí ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Bwari, lẹ́bàá Àbújá. Dádì ni gbogbo wọn ń pè mí níbẹ̀. Mo wọ súùtù dúdú lórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo bá wọn jókòó sídìí àsè tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà gbọ́dọ̀ jẹ. Mo ń sọ fún wọn bí ẹjọ́ ṣe ń rí lójúkojú. Àwọn náà ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà.

Ìdánwò ibẹ̀ kì í ṣe eré. Iṣẹ́ márùn-ún ni: ẹjọ́ ọ̀ràn, ẹjọ́ ará ìlú, òfin ilé òun ilẹ̀, òfin ilé-iṣẹ́, àti ìwà tó yẹ agbẹjọ́rò. Nígbà tiwa, bí ẹ bá gba mẹ́rin bí iná, tí ọ̀kan wá rẹlẹ̀, èyí tó rẹlẹ̀ náà ni wọ́n ń fi pè yín. Mo gba mẹ́rin. Òfin ilé-iṣẹ́ gbé mi ṣubú. Èmi tí mo fi ọdún 19 gbọ́ ẹjọ́ ewúrẹ́, níbo ni mo ti fẹ́ mọ ọ̀nà ìwé kọ́ńpìnnì?

Mo pa fóònù, mo fi orí pamọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló wá kàn mí lára. Ó ní, "Awólọ́wọ̀ ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe oníròyìn, ó ṣòwò, kó tó forí lé Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Ọmọ ọdún 37 ni nígbà tó di lọ́yà ní 1946." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá rí i ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, màá ti fi ọdún 13 jù ú lọ." Ó ní, "Ṣé ìwọ àti Awólọ́wọ̀ lẹ jọ ń sáré ni? Dìde, kí o lọ tún ìdánwò rẹ ṣe." Mo tún un ṣe. Olúwa gbè mí. Mo di lọ́yà ní 2019, lẹ́ni 50 ọdún. Ẹ ṣé halelúyà!

Mo ti ń wá àgùntàn ìdúpẹ́ kiri. N kò mọ̀ pé odò tó jìn jù ṣì wà níwájú. Ìkéde iṣẹ́ tí mo rí ní kí ọjọ́ orí má ju 28 lọ. Mo kó ìwé mi, mo ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, láti Dùgbẹ̀ dé Mọ́kọ́lá. Kò sẹ́ni tó rí mi fín, ohun tó sì burú níbẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá kan, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 35, dìde fún mi, ó fún mi lómi tútù, ó ka ìwé mi tán. Ó wá fọwọ́ méjèèjì gbé e padà fún mi, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa rán yín níṣẹ́?" Mo ní, "Ẹ rán mi, sà." Ó bojú wolẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń tì mí jáde, ẹ̀yin ará, láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, fún oṣù méje.

Síbẹ̀, láràárọ̀ ni mò ń wọ gáùn mi lọ jókòó lẹ́yìn àwọn lọ́yà ní kóòtù gíga, láìní ẹjọ́ kankan lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, ẹjọ́ ilẹ̀ ń lọ. Màmá arúgbó kan ń jẹ́rìí, ó ní, "Bàbá mi a máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn lọ́dọọdún." Ọmọ tó ń túmọ̀ sọ fún adájọ́ pé ẹ̀bùn ni bàbá náà ń gbé lọ. Àyà mi já. Ohun tí ògbufọ̀ bá sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni adájọ́ ń kọ sílẹ̀. Ti Yorùbá, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Ẹni tó ń fúnni lẹ́bùn kò jẹni ní gbèsè. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ń jẹ́wọ́ pé onílẹ̀ wà. Gbogbo ẹjọ́ náà rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan yìí. N kò bú ọmọ náà. Ìgboro ni wọ́n bí i sí, ta ni ìbá kọ́ ọ ní ìṣákọ́lẹ̀?

Mo fa ìwé kékeré kan ya, mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà sí i, mo nà án sí lọ́yà tó jókòó níwájú mi, ìyá kan tó ti lò ju ọdún 30 lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ó wò ó, ó dìde, ó gbàyè lọ́wọ́ adájọ́, ó ní kí màmá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Màmá ní, "Ìṣákọ́lẹ̀ ni, mo ṣáà ti wí!" Wọ́n tún un kọ.

Nígbà tí kóòtù túká, lọ́yà náà ní, "Ọ̀gbẹ́ni, níbo lẹ ti ń ṣiṣẹ́?" Mo ní, "N kò tíì ríṣẹ́, mà." Ó ní, "Níbo lẹ ti mọ ohun tí ẹ mọ̀ yìí?" Mo sọ fún un. Ó ní kí n wá rí òun lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọdún 19 tí mo rò pé mo fi ṣòfò ni ó gbà mí síṣẹ́ fún.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní, "Ẹ bá mi lọ gba ọjọ́ tuntun wá fún ẹjọ́ kan." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Mo ti rí ẹni tó lè rán mi níṣẹ́! Mo dìde ní kóòtù, mo dárúkọ ara mi, mo ní èmi ni mo dúró fún olùpẹ̀jọ́. Adájọ́ ní kí n tún orúkọ náà pè, kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀. Mo pè é. Mo rí bíírò rẹ̀ tó ń rìn lórí ìwé.

Owó oṣù àkọ́kọ́ kò tó èyí tí mo fi sílẹ̀ ní kóòtù, n kò ní purọ́ nílé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Mo ti pè é. Ẹ̀yin tí wọ́n ń sọ fún pé ọjọ́ ti lọ, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun tí ẹ ti mọ̀ ṣòfò mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì, ẹ dìde, kí ìjọ rí yín. Àpò èlùbọ́ márùn-ún tí ẹ ń wò níwájú pẹpẹ, ìdúpẹ́ wa nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló kù ú. Halelúyà!