Ìlẹ̀kùn Tí A Tì àti Ìkòkò Tí A Yá

Bíbélì kíkà: Ìwé Àwọn Ọba Kejì 4:1-7

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí a ti ń mu tíì nínú gbọ̀ngàn lẹ́yìn ìsìn, ìjiyàn kan tí mo rò pé ó ti kú tún sọjí. Màmá kan nínú wa ní àwọn olùkọ́ ló jẹ́ kí ọmọ òun ṣẹ́yìn nínú ìṣirò nígbà kónílé-ó-gbélé, pé ilé ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń gba owó oṣù. Arábìnrin wa kan tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú o, Mà. Ẹ̀yin òbí ni ẹ kò jí àwọn ọmọ yín kí wọ́n jókòó síwájú kọ̀ǹpútà." Ọ̀rọ̀ di gbígbóná. Àwọn méjèèjì kò dágbére fún ara wọn kí wọ́n tó lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ẹnu kan náà ni gbogbo wa fi gba oúnjẹ Olúwa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ àlùfáà wa pé kí ó fún mi ní ojú ewé yìí.

Èmi kì í ṣe olùkọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì jẹ́ òǹkàwé nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ni mo ní ní ilé-ìwé nígbà náà, n kò sì lè sọ pé ọwọ́ mi mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin opó inú Bíbélì kíkà wa. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ wòlíì, ó bẹ̀rù Olúwa, síbẹ̀ gbèsè ló kú sílẹ̀. Olówó ń bọ̀ wá kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lọ ṣe ẹrú. Òróró díẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù nínú ilé. Wòlíì Èlíṣà ní kí ó lọ yá ìkòkò òfìfo lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò, kí ó má sì yá ìwọ̀nba. Lẹ́yìn náà kí ó wọlé, kí ó ti ìlẹ̀kùn, kí òun àti àwọn ọmọ máa da òróró sínú ìkòkò wọ̀nyí. Mo ti ka ibẹ̀ níwájú ìjọ lọ́pọ̀ ìgbà ṣáájú 2020. Ìkòkò ni mo máa ń rí. N kò rí ìlẹ̀kùn náà rárá.

Ìgbà tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwa náà ni ojú mi tó là. Ní ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kẹta 2020, àwọn ilé-ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tì, àfi fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ tí ìlú kò lè ṣe aláìní àti àwọn ọmọ tó nílò ààbò. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Boris Johnson, olórí ìjọba ìgbà náà, kéde pé kí oníkálukú gbélé. Kì í ṣe àwa nìkan. Ní gbogbo ayé, nígbà tí ó le jù, akẹ́kọ̀ọ́ bíi bílíọ̀nù 1.6 ni kò lè lọ sí ilé-ìwé. Ní Èkó, ìjọba gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò. Ọmọ àbúrò mi ní Agége ń gbọ́ ọ nígbà tí bátìrì bá wà. Níhìn-ín, ní 20 oṣù kẹrin, BBC bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ lórí Bitesize, Oak National Academy náà sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀kọ́ pọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Òróró wà. Ìkòkò ni kò tó. Ofcom, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti tẹlifíṣọ̀n, ṣírò rẹ̀ pé ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ nílẹ̀ yìí tí kò ní láptọ́ọ̀pù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì lò nílé. Ìjọba pín ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ti dúró fún oṣù púpọ̀ kí tiwọn tó dé.

Ẹ kíyè sí ètò tí Èlíṣà fi lélẹ̀: ìkòkò ló ní kí obìnrin náà kọ́kọ́ wá, kí ó tó ti ìlẹ̀kùn. Àwa ti ìlẹ̀kùn ná, a wá ń sáré wá ìkòkò. N kò sọ pé kí wọ́n má ti ilé-ìwé o. Mo wà ní wọ́ọ̀dù ní oṣù kẹrin ọdún náà, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí.

Nítorí iṣẹ́ mi, àwọn ọmọ mi ní ẹ̀tọ́ láti máa lọ sí ilé-ìwé. Mo fi wọ́n sílé. Ẹ̀rù ló bà mí. Ní 7 oṣù karùn-ún 2020, àjọ oníṣirò ìjọba, ONS, gbé ìwé jáde pé bí a bá fi ọjọ́ orí wé ọjọ́ orí, ikú àrùn Kòrónà láàárín àwa èèyàn dúdú ju ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn òyìnbó lọ. Kódà nígbà tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ipò àti ibùgbé kúrò, ó ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Nígbà tí àwọn olùkọ́ kan ń bi ara wọn léèrè ìdí tí àwọn ọmọ wa kò fi padà wá nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ìdáhùn nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìyá tó ti fi aṣọ funfun bo òkú lóru kò ní yára rán ọmọ rẹ̀ jáde láàárọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni mo fi wọ́n ṣe nílé? Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Baba wọn ń wa bọ́ọ̀sì. Mo máa ń dé ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀, màá wẹ̀, màá ṣí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo tí a ní, màá sùn lọ sórí àga. Ọmọbìnrin mi àgbà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló ń kọ́ àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún ní ábídí lórí fóònù mi, nígbà tí kíláàsì tirẹ̀ ń lọ láìsí i níbẹ̀. N kò mọ̀. Ní oṣù kẹfà, olùkọ́ kan pè mí pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ mi kejì kò ti fi iṣẹ́ kankan ránṣẹ́. Ẹ̀yin ará, mo bú u. Mo bi í bóyá ó mọ ibi tí mo ti ń bọ̀, bóyá ó mọ iye ènìyàn tí a pàdánù lóru yẹn. Ó dákẹ́ títí mo fi sọ tán. Lẹ́yìn náà ló ní orí tábìlì ìdáná ni òun ti ń kọ́ ọgbọ̀n ọmọ, tí ọmọ tòun ọlọ́dún mẹ́ta ń sunkún lẹ́sẹ̀ òun. Ó ní òun pè nítorí pé òun ń ro ọmọ mi ni. Mo gbọ́ ọmọ náà tó ń sunkún lóòótọ́. Ojú tì mí.

Ìjiyàn náà kò mọ sí ilé mi. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn ọmọ Reception, Year 1 àti Year 6 padà ní 1 oṣù kẹfà, ẹgbẹ́ olùkọ́ NEU ní ó yá jù, pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn pé kò léwu. Òbí kan ní wọ́n ń sá fún iṣẹ́, òbí kejì ní kí wọ́n má tilẹ̀ ṣí i rárá. Ní 4 oṣù kìíní 2021, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣí fún ọjọ́ kan péré. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ìjọba tún kéde títì, ó sì di 8 oṣù kẹta kí gbogbo ọmọ tó padà. Ẹ̀rù olùkọ́, ẹ̀rù òbí, ẹ̀rù kan náà ni, ṣùgbọ́n ara wa ni a dojú rẹ̀ kọ.

Ẹ padà wo inú ilé opó yẹn. Èlíṣà kò sí nínú yàrá! Ó fúnni ní ẹ̀kọ́, ó sì dúró sọ́nà jíjìn. Ìyá ló ń da òróró, àwọn ọmọ ló ń gbé ìkòkò wá. Nígbà tí ó sì parí, obìnrin náà kò ní agbára òun ni. Ó padà tọ ènìyàn Ọlọ́run lọ láti béèrè ohun tó kàn, ìgbà náà ni ó ní kí ó ta òróró, kí ó san gbèsè. Wòlíì kò lè da òróró fún un láti ọ̀nà jíjìn. Ìyá náà kò sì lè dá ọgbọ́n náà mọ̀ fúnra rẹ̀. Ta wá ni kí a dá lẹ́bi nínú àwọn méjèèjì? Àwọn aládùúgbò ńkọ́, tí ìkòkò wà lọ́wọ́ wọn?

Ìbéèrè yẹn ló gún mi jù. Marcus Rashford, ọmọ Wythenshawe níbí, ọ̀dọ́mọkùnrin tí bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ rẹ̀, kọ̀wé sí àwọn aṣòfin nítorí oúnjẹ àwọn ọmọ tálákà, ní 16 oṣù kẹfà 2020 ìjọba sì yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n fún wọn ní owó oúnjẹ fún àsìkò ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn náà. Ó yá wọn ní ìkòkò. Àwa ńkọ́? Láptọ́ọ̀pù méjì ni ìjọ yìí ní nígbà náà. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá ìmúra ni wọ́n wà láti oṣù kẹta 2020 títí ọdún fi yípo. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ ìdílé kan láàárín wa tí ọmọ mẹ́ta ń pín fóònù kan lò, mo gbàdúrà fún wọn lórí Zoom lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì rántí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọlọ́run mú òróró dúró nígbà tí ìkòkò tán, kì í ṣe nígbà tí agbára Rẹ̀ tán. Ìkòkò méjì wà ní títì lọ́wọ́ mi.

Gbèsè náà kò tíì san tán. Títí di 2024, iye ọmọ tó ń pa ilé-ìwé jẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ga ju ti ìgbà ṣáájú àrùn náà lọ. Ọmọ mi kejì ṣì máa ń tijú láti nawọ́ sókè nínú kíláàsì.

Mo ti lọ sílé màmá tí mo sọ lókè, mo ti lọ bá arábìnrin wa olùkọ́ náà pẹ̀lú. Wọn kò tíì rẹ́ pátápátá, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n láti Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, agogo mẹ́wàá sí méjìlá, arábìnrin náà yóò máa jókòó nínú gbọ̀ngàn láti ran ọmọkọ́mọ lọ́wọ́ nínú ìṣirò àti ìwé kíkà, màmá sì ti ní ọmọ òun yóò wá. Òbí kan ní láti dúró ti ọmọ rẹ̀. Ẹ má kàn já wọn sílẹ̀ kí ẹ gba ọjà lọ. Láptọ́ọ̀pù méjèèjì ti jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ní èyí tí kò lò mọ́ nílé, kí ó mú un tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú wáyà tí a fi ń gba iná sí i.