Òkò Tí A Sọ Sọ́jà

Ìhìnrere Lúùkù, orí 13, ẹsẹ 1 dé 5

Àwọn kan tọ Jésù Olúwa wa wá láti ròyìn àwọn ará Gálílì tí Pílátù pa níbi tí wọ́n gbé ń rúbọ. Ọwọ́ ìjọba ni ó ta ẹ̀jẹ̀ náà sílẹ̀. Bí ènìyàn bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ohun méjì ni ó máa ń fẹ́ mọ̀: ẹ̀ṣẹ̀ wo ni àwọn òkú náà ṣẹ̀, àti ìhà ta ni wọ́n wà? Olúwa kò dáhùn èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó fi yé wọn pé àwọn tí ó kú kò burú ju àwọn tí ó kù lọ, ó sì pe àwọn alààyè sí ìrònúpìwàdà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Òkè-Ògùn. Bí àwọn pápákọ̀ òfurufú ńlá tilẹ̀ jìnnà sí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, àwọn ọmọ wa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí òkè òkun. Pápákọ̀ dàbí ọjà: ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá, onílé àti àlejò ni ó ń pàdé níbẹ̀. Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹni tí ó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ìgbà ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha. A ti fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, ìbínú sì gba ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996, bọ́ǹbù bú gbàmù ní pápákọ̀ Kánò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún náà, òmíràn pa Dókítà Ṣọlá Omatsola ní pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Olórí ẹ̀ṣọ́ ààbò ni ọkùnrin yìí. Láti dáàbò bo ẹ̀mí ẹlòmíràn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 1997, bọ́ǹbù tún bú ní pápákọ̀ Àbújá nígbà tí Ọ̀gágun Ọládipọ̀ Díyà, igbákejì Abacha, fẹ́ rìnrìn àjò. Díyà yè é, ẹlòmíràn ni ó kú. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ìjọba tí òun fúnra rẹ̀ ń sìn mú un, pé ó dìtẹ̀. A sì dá a lẹ́bi ikú ní ọdún 1998. Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún náà. A sì dá Díyà sílẹ̀ ní ọdún 1999.

Ta ni ó ri àwọn bọ́ǹbù náà? Ìjọba nawọ́ sí ẹgbẹ́ NADECO àti àwọn tí ń bèèrè ìjọba alágbádá. Ní oṣù kẹta ọdún 1997 ó fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká àti àwọn mìíràn. Àwọn alátakò pẹ̀lú nawọ́ sí ìjọba, pé òun ni ó ń ṣe é láti bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Lẹ́yìn ikú Abacha a fa ẹ̀sùn náà padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń nawọ́ sí ara wa, ta ni ó bá àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sọkún?

Ibi yìí kò mọ sí ilẹ̀ wa nìkan. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1972, àwọn ọkùnrin ará Jàpáánù mẹ́ta tí ó gba ìjà àwọn ará Palẹstíìnì jà, yìnbọn, wọ́n sì ju àdó olóró sí àárín èrò ní pápákọ̀ Lod, èyí tí àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ń gbà lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ènìyàn 26 ni wọ́n pa. Mẹ́tàdínlógún nínú wọn wá láti Puerto Rico, láti wo ilẹ̀ tí Olúwa gbé rìn. Kí ni ó kan àwọn wọ̀nyí nínú ìjà náà? Ẹ̀dùn ọkàn ẹni lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n bọ́ǹbù kò mọ ẹni tí ó jẹ̀bi.

Àwa náà kò gbọdọ̀ wí pé ọwọ́ wa mọ́. Ní ìgbà wẹ́tìẹ̀, lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1965, ọmọ Yorùbá ni ó ń da bẹtiróòlù sí ilé ọmọ Yorùbá. Ẹni tí ó ń dáná sun ilé alátakò rẹ̀ àti ẹni tí ń ri bọ́ǹbù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ní ọdún 1821, nígbà tí àwọn ajagun kó Òṣogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, wọn kò ka ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí sí ohun kan ju ẹrú lọ. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n ní orúkọ, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní ọdún 1864.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùfẹ́, nígbà tí ìròyìn ikú òjijì bá dé, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bèèrè ẹgbẹ́ tí òkú náà wà. Ẹ lọ tu àwọn ará ilé rẹ̀ nínú. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀sùn tí ẹ kò rí ìdí rẹ̀ kiri. Ẹ̀yin òbí, bí ìdìbò bá ń bọ̀, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó rà wọ́n láti sọ òkò sọ́jà.

Kí Ọlọ́run àlàáfíà wẹ ọwọ́ wa mọ́, kí ó sì pa àwọn arìnrìn-àjò wa mọ́ ní àlọ àti ní àbọ̀, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.