Orúkọ Tí Mo Kọ Sílẹ̀

Ọdún 1984 ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ pírámárì 4. Tíṣà fi mí ṣe mọ́nítọ̀, ó fún mi ní bébà kan, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá sọ fanákúlà ní kíláàsì, kí n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Èdè Yorùbá tí tíṣà fúnra rẹ̀ fi ń ná ẹ̀wà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́wà lẹ́nu géètì ló ń pè ní fanákúlà. Kọ́bọ̀ márùn-ún ni owó ìtanràn, ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó ni èènì.

Ọmọ ìyá alépo ló jókòó tì mí. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Èyí tí mo kọ sílẹ̀ nígbà náà ti tó. Láti pírámárì 1 dé 3, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wa ní ìṣirò, kò sì sẹ́ni tó ń bá a du ipò kìíní. Bó bá ti ilé ìwé dé, ìdí epo ló ń lọ. Ó ṣojú mi tí obìnrin kan ra ìgò méje, ọgọ́rin kọ́bọ̀ ìgò kan, tó na náírà mẹ́fà sí i. Obìnrin náà kò tíì dé ìgò rẹ̀ tán tí ọ̀rẹ́ mi ti ka ogójì kọ́bọ̀ ṣẹ́ńjì sí i lọ́wọ́.

Ní pírámárì 4, gbogbo iṣẹ́ di Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ́sẹ̀ kejì, tíṣà kọ ìṣirò kan sójú pátákó: ẹnì kan ra pẹ́ńsùlù mẹ́jọ, kọ́bọ̀ márùndínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan; èló ni ṣẹ́ńjì rẹ̀ nínú náírà méjì? Ọ̀rẹ́ mi wo pátákó títí, ó rọra fẹnu sí mi létí, ó ní, "Kí ló ń jẹ́ each?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ṣú u lójú. Èmi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi bi mí. Mo kọ orúkọ rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó san kọ́bọ̀ márùn-ún, ẹyọ owó tí epo ti ràn mọ́ lára. Láti ọjọ́ náà kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́ ní kíláàsì. Tíṣà ní ó ti jáwọ́ nínú fanákúlà, ó tilẹ̀ ní ká pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí èsì òpin ọdún jáde, ipò kẹtàlélọ́gbọ̀n ló ṣe nínú àwa márùndínlógójì. Wọ́n ní ó ti ya olódo. A kò tíì dé pírámárì 6 tí ìyá rẹ̀ fi mú un jókòó sídìí epo pátápátá.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé wọ́n ti ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí tán kí wọ́n tó fún mi ní bébà yẹn, níbi tí kò ju ìrìn wákàtí kan lọ sí ìlú wa. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ford Foundation ló fún wọn lówó. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko. Iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún wọn, tíṣà tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni lédè àjèjì ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn kejì gba ọ̀nà tí àwa náà gbà: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Kò sí ìwé nílẹ̀, àfi kí wọ́n jókòó kọ ọ́, kí wọ́n sì wá orúkọ fún ohun tí tíṣà kò fi Yorùbá pè rí.

Àwọn ọlọ́dún mẹ́fà ló mókè. Èyí tó ya èèyàn lẹ́nu ni pé nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, àwọn ló mókè. Àwọn kan ní ìwé tuntun àti tíṣà àkànṣe ló fà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lápá kan, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kò rí ìwé tuntun, kò rí tíṣà àkànṣe, kò sì rí Yorùbá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà pírámárì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Mínísítà ní ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC àti JAMB. Lóòótọ́, èdè tó wà ní Nàìjíríà lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Kíláàsì kan ní Ajégúnlẹ̀ lè ní ọmọ Ìgbò, Ùròbò àti Ègùn, n kò sì ní pe ìyẹn ní iṣẹ́ kékeré. Ṣùgbọ́n kíláàsì tiwa kò nírú ìyẹn. Gbogbo wa ló gbọ́ Yorùbá, àti tíṣà.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ ra epo ìnáwó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, kẹ́ẹ̀gì mọ́kànlá. Mo ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣírò lórí fóònù mi nígbà tó ti pe iye owó náà, tó ti yọ èyí tó máa dín fún mi kúrò. Ó wo fóònù, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ́nítọ̀, orúkọ mi lo tún fẹ́ kọ sílẹ̀ ni?"