OÚNJẸ TÓ TUTÙ SÓRÍ TÁBÌLÌ

KÀ: Orin Sólómọ́nì 5:2-16
AKỌ́SÓRÍ: 1 Kọ́ríńtì 13:5

Arákùnrin kan fẹ́ ṣe ohun tí ìyàwó rẹ̀ kò ní gbàgbé. Ọdún mẹ́wàá pé tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Ó kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ra léèsì tí obìnrin náà ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì wọ ilé ìdáná fúnra rẹ̀, ẹni tí kì í gbé omi tíì kaná! Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìẹ ló sè. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sán ló wà lọ́jọ́ náà, ó sì yẹ kó ti dé ilé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́.

Agogo mẹ́sàn-án lù, kò dé. Nígbà tó di mẹ́wàá, fóònù dún. Ẹni tó yẹ kó wá gba iṣẹ́ kò wá, obìnrin kan sì ń rọbí lọ́wọ́. Ìyàwó ní òun yóò sùn síbi iṣẹ́. Bí o bá mọ iṣẹ́ ìwòsàn, o mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kì í fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ láì rí ẹni tí yóò fa iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Arákùnrin wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ inú bí i. "Ó dáa" nìkan ló sọ, ó pa fóònù. Kò pẹ́, ó pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ni ọkọ àbúrò yín o, èmi kọ́." Ó ro gbogbo ẹjọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀gbọ́n ti pe àbúrò, ó ti bá a wí. Bí obìnrin náà ṣe kọ́kọ́ gbọ́ nípa léèsì àti ìrẹsì nìyẹn, láti inú ẹ̀sùn.

Olùfẹ́ ọ̀wọ́n, wo ibi tí a kà lónìí. Olólùfẹ́ kan wá kan ilẹ̀kùn lóru, ìrì ti sẹ̀ sí i lórí. Obìnrin náà ti bọ́ aṣọ, ó ti wẹ ẹsẹ̀, ó lọ́ra díẹ̀. Kó tó ṣílẹ̀kùn, ẹni tó kan ilẹ̀kùn ti lọ. Ó wá a káàkiri ìgboro, àwọn olùṣọ́ sì lù ú. Bí ẹnìkan bá wà tó ní ẹjọ́ láti rò, òun ni. Àwọn ọmọbìnrin Jerúsálẹ́mù sì fún un láyè ní ẹsẹ 9: wọ́n bi í léèrè ohun tí olólùfẹ́ rẹ̀ fi sàn ju ti ẹlòmíràn. Fara balẹ̀ ka ẹsẹ 10 sí 16. Ìyìn ni! Kò mẹ́nu kan ilẹ̀kùn, kò mẹ́nu kan ọgbẹ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀bùn tí o kò sọ fún ẹnìkejì rẹ tẹ́lẹ̀, báwo ni yóò ṣe di gbèsè sí i lọ́rùn? Kò mọ̀ pé o ń dúró. Kò fi iṣẹ́ ṣáájú rẹ. Oorun ara rẹ̀ ló fi sílẹ̀ nítorí ẹni tó ń rọbí. Bí o bá tún fẹ́ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ (jọ̀wọ́, tún un ṣe!), fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àṣírí pẹ̀lú ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ̀, kí ó lè bá ọ tọ́jú ọjọ́ náà.

Ìwọ tí iṣẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ilé náà, gbọ́ o. Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ ọ̀ranyàn. Òmíràn wà tó jẹ́ pé àwa la fẹ́ràn rẹ̀ ju ilé lọ. Nínú Deutarónómì 24:5, Ọlọ́run yọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó kúrò nínú ogun àti nínú iṣẹ́ ìlú fún ọdún kan gbáko, kó lè mú inú aya rẹ̀ dùn. Ogun o! Bí ọ̀gá rẹ kò bá tilẹ̀ mọ ẹsẹ yẹn, ìwọ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àjọ̀dún ìgbéyàwó yín bá ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì, bá ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ̀yin àpọ́n, ẹ má pa ìwé yìí dé. Bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà yín lẹ́yìn lónìí lẹ óò ṣe sọ ọ́ nínú ilé.

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni nọ́ọ̀sì yìí wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọkọ ti sùn lórí àga. Obìnrin náà ní ìyá àti ọmọ wà láàyè. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi. Ṣé ìrẹsì yẹn ṣì wà?" Ọkọ gbé e kaná, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ ní oúnjẹ àárọ̀. Lẹ́yìn náà ó mú fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n padà lójú ìyàwó rẹ̀, ó ní òun lòun jẹ̀bi. Ó sọ fún mi pé ìpè yẹn le ju ìrẹsì sísè lọ.

Ta ni ìwọ pè nígbà tí inú bí ọ? Pe onítọ̀hún padà kí o tó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí.

ÀDÚRÀ: Baba, ṣọ́ ẹnu mi ní ọjọ́ tí ẹnìkejì mi bá já mi kulẹ̀ láìmọ̀. Má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ tí o fún mi jẹ ilé tí o fún mi run, ní orúkọ Jésù. Àmín.