Ta Ni Ó Ni Kọ́kọ́rọ́ Àká?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Òwe yìí kò ní kí a má jẹ. Ó ní kí a rántí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ó ti rí nínú ilé ni ó rí nídìí òwò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù: bí a bá fi nǹkan pamọ́ de ọ̀la, ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣí ibi ìpamọ́ náà?

Ẹ jẹ́ kí a fi òwò kòkó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ní ọdún 1947 ni ìjọba dá àjọ tí ń ta kòkó àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀. Ní 1954, iṣẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ ìjọba ẹkùn. Nígbà tí kòkó bá wọ́n ní ọjà àgbáyé, àjọ náà kì í san gbogbo owó fún àgbẹ̀. Ó ń fi díẹ̀ pamọ́, kí ó lè fi gbà á sílẹ̀ nígbà tí ọjà bá kú. Èrò rere ni. Àká ni wọ́n kọ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí kò roko ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìjọba mú nínú owó náà ṣe iṣẹ́ ìlú. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ṣòfò: owó kòkó ti ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 lẹ́yìn, ọmọ àgbẹ̀ sì jẹ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1965, ohun tí àgbẹ̀ bá nínú àká kò tó o, owó orí kò sì dẹ̀yìn lẹ́yìn rẹ̀. Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 àti 1969 kò ṣẹ̀yìn èyí.

Ní 1986, ìjọba pa àwọn àjọ náà rẹ́. Owó dé ọwọ́ àgbẹ̀, àká kò sí mọ́. Nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kan ju dọ́là 10,000 lọ ní 2024, ta ni ó yọ nínú rẹ̀ fi tún oko tí igi rẹ̀ ti gbó gbìn?

Ẹnìkan lè wí pé ire ìlú ju ire ẹnì kan lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí a ó fi òógùn rẹ̀ ṣe ìlú lóore, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í. Ní èrò tèmi, òwò tí yóò pẹ́ ni èyí tí àká rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ méjì: ọ̀kan lọ́wọ́ àgbẹ̀, èkejì lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣọ́ ìpín ọmọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè dá a ṣí.